Ǹjẹ́ Agbára Yín Ká Ọkọ̀ Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Ohun tí ó dára a máa wu ènìyàn. Ẹni tí ó ti dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí òjò ń pa, tí gbogbo ọkọ̀ tí ó ń kọjá sì kún, ta ni yóò bá a wí pé kí ó má ṣe fẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀? Ìyá tí ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sẹ́yìn ọ̀kadà ní òru mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ ọkọ̀, kì í sì í ṣe ìgbéraga láti rà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í bi ara wa títí ọkọ̀ yóò fi dé ẹnu ọ̀nà: ǹjẹ́ agbára wa ká a?

Ìbéèrè yìí yàtọ̀ sí “Ǹjẹ́ owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa?” Owó ọkọ̀ lè pé lọ́wọ́ ẹni lónìí kí agbára ẹni má sì ká ọkọ̀ náà. Owó tí a kà fún ẹni tí ó tà á, owó tí a fi mú un wọlé ni. Owó tí a ó fi máa bọ́ ọ lẹ́yìn náà ni ó ń dá ìdílé láàmú. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó ra ẹṣin ti ra koríko, ó ti ra ìjánu, ó sì ti gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹṣin lè jẹ koríko etí ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́; ọkọ̀ kì í jẹ é.

Ẹ̀yin ìdílé wa ní Emùré, Ìsẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè wọn, ẹ̀yin olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí a jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kí a sì gbé e yẹ̀wò.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI PẸ́ LÁÀÁRÍN WA

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ yìí ni ohun tí ń gbé ènìyàn rìn ti jẹ́ ohun iyì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan sí ààfin Ọgọ́gà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ àwòrán Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sí ara rẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi àga gbé wá síwájú Ọgọ́gà. Wọ́n kó ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924, ó sì di ti British Museum. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé òyìnbó tí wọ́n gbé wá kò tóbi tó ọba tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí ìtẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń gbé ni rìn kò sọ ni di ẹni ńlá.

Àwọn àgbà àárín wa kò sì tíì gbàgbé owó Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ni ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ọdún 1975 bẹ̀rẹ̀, wọ́n san àfikún náà, wọ́n sì san èyí tí ó ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1974 pa pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò tíì rí irú owó bẹ́ẹ̀ lójú kan náà rí. Ní ọdún 1975 yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Èkó, tí ti Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn kan ra Ìjàpá, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn mìíràn ra rédíò àti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà gan-an, iye ọjà gòkè ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri Nàìjíríà. Owó tí ó wá lẹ́ẹ̀kan ti tán. Ohun tí a fi rà sì ń béèrè epo.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba yí ọ̀nà tí a fi ń pàárọ̀ náírà padà. Dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí náírà kan ààbọ̀ bọ́ sí iye tí ó lé ní náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ àti ohun èlò ọkọ̀ gbówó lórí kọjá ohun tí owó oṣù lè ká. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù ti òkè òkun ti gbòde, tí àwa Yorùbá sì fún un ní orúkọ tí a ń pe ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí ó wá padà wálé: Tòkunbọ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú ìtàn méjèèjì. Owó tí ó wá lẹ́ẹ̀kan kì í bọ́ ohun tí ń jẹun lójoojúmọ́.

Ẹ̀YIN ÀGBẸ̀ ONÍKÒKÓ

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn àgbẹ̀ wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi di oṣù kejìlá ọdún náà, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ohun tí ó fà á ni pé àrùn igi kòkó àti ojú ọjọ́ tí kò bára dé dín èso kù ní Ghana àti Côte d’Ivoire, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó ayé ti ń wá. Àìkórè ẹlòmíràn ni ó di ìkórè wa. Inú wa dùn bí a ti rí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń jìyà láti ọdún pípẹ́ tí wọ́n ń kan òrùlé tuntun, tí wọ́n ń san gbèsè, tí àwọn kan sì ń wo ojú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tí ń dá iye sí kòkó ká láti ọdún 1986. Bí owó rẹ̀ bá ṣe gòkè ní òkè òkun ni yóò ṣe gòkè ní Emùré. Bí ó bá sì já lọ́hùn-ún, a ó gbọ́ ìró rẹ̀ níbí. Ó já lóòótọ́. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlàjì ibi tí ó gòkè dé. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní 1977, kòkó wọ́n lágbàáyé bí ojú. Nígbà tí ó fi di 1982, kò tó ìlàjì iye yẹn mọ́.

Kì í ṣe pé a ní kí àgbẹ̀ má ra ọkọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó fi iye ọdún tí kò dára ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí owó kòkó bá dín sí ìlàjì lọ́dún tí ń bọ̀, ṣé ọkọ̀ náà yóò ṣì rí epo jẹ, tí oògùn kòkó yóò ṣì ṣeé rà, tí ọmọ yóò ṣì padà sí yunifásítì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó máa lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà fẹ́ jẹ oko tí ó bí i. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ wo irú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ó lè wọ ọ̀nà oko, tí ó lè gbé àpò kòkó àti iṣu dé ọjà, tí ẹlòmíràn sì lè háyà, lè mú nínú owó ara rẹ̀ wá. Ọkọ̀ jíjókòó tí abẹ́ rẹ̀ ń fọwọ́ kan ilẹ̀, tí kò lè dé ibi tí owó ti ń wá, ń jẹun lásán ni.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Emùré ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó, tí ó ti di olú-ìlú wa láti ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Ìyàwó ń ta gààrí àti epo pupa. Ọmọ méjì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀kan wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Baba ti fi ọdún mẹ́fà kó mílíọ̀nù mẹ́rin náírà jọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

“Ìyá àwọn ọmọ, mo ti rí ọkọ̀ kan ní Àkúrẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́rin gééré ni wọ́n ní kí n mú wá.”

“Ẹ kú oríire, Bàbá. Ọlọ́run yóò fún wa lò. Èyí tí ẹ ó fi ra epo lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé ńkọ́?”

Kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀ ni obìnrin yìí. Ìdáhùn ni ó ń béèrè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn wá a.

Ká ní lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú yíyà síhìn-ín yíyà sọ́hùn-ún, jẹ́ ọgọ́rùn-ún kìlómítà lójúmọ́. Ká ní ọkọ̀ náà ń jẹ lítà mẹ́wàá lórí ìrìn yẹn. Ká ní ó ń lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ méjìlélógún lóṣù. Lítà 220 nìyẹn.

Kí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó dé, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Bí a bá fi ₦190 ṣírò rẹ̀, epo oṣù kan yóò jẹ́ ₦41,800. Ní ọjọ́ náà tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bola Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan ti di nǹkan bí ₦500. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ₦900 ṣírò. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Lítà 220 ní ₦900 jẹ́ ₦198,000.

Ẹ dúró lórí iye yẹn díẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà láti oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Epo nìkan, fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, fún oṣù kan ṣoṣo, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù ènìyàn mẹ́ta tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì bàjẹ́ o. A kò tíì gbé e lọ sí ilé ìjọsìn, a kò tíì fi í lọ sí òkú àna.

Àwọn ìnáwó mìíràn wà tí kì í wá lóṣooṣù, tí a sì máa ń gbàgbé nítorí rẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára láti rí wọn ni pé kí a pín wọn sí oṣù. Bí táyà mẹ́rin bá ná wa ní ₦240,000, tí wọ́n sì lo ọdún méjì, ₦10,000 lóṣù ni táyà ń jẹ, bí a tilẹ̀ ń rìn tí a kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì, bátìrì, bùréèkì, pátíkúlà ọdọọdún, àti ìnṣọ́ránsì. Ìnṣọ́ránsì tí òfin sọ di dandan fún ọkọ̀ ara ẹni, èyí tí ó wà ní ₦5,000 tẹ́lẹ̀, di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹ fi ti mẹkáníìkì lé e, nítorí ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí abẹ́ ọkọ̀ sinmi.

Ohun kan tún wà tí ìwé ìṣirò kì í gbé jáde. Ọkọ̀ ẹnì kan ní agboolé ni ọkọ̀ gbogbo agboolé. Bí aboyún bá ń rọbí ní aago méjì òru, ẹnu ọ̀nà yín ni wọn yóò kàn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé àgbà ìdílé lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni wọn yóò pè. Oore ni, a kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oore náà ń jẹ epo; ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ nínú ìṣirò.

Bí baba yìí bá rí i pé owó tí ó ń san fún ọkọ̀ èrò lóṣù kéré sí ohun tí ọkọ̀ tirẹ̀ yóò jẹ, kì í ṣe pé ó tòṣì. Ó kàn mọ ìṣirò ni. Ó lè máa wọ ọkọ̀ èrò lọ síbi iṣẹ́ títí di ìgbà mìíràn. Ó lè ra ọkọ̀ kí ó máa gbé ẹni mẹ́ta tí wọ́n jọ ń lọ sí Adó, kí wọ́n jọ máa dá owó epo. Tàbí kí ó ra alùpùpù fún ìrìn ìlú, kí ó sì fi èyí tí ó kù kún ọjà ìyàwó rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

ÀWÌN ÀTI OWÓ ÈLÉ

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Èmi kò ní kó owó kankan jọ, mo máa yá a ni.” Ẹ jẹ́ kí a wo èyí náà. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ ti gbé òdiwọ̀n èlé orílẹ̀-èdè dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dín in kù díẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹni tí ó bá yáwó lọ́wọ́ báńkì sábà máa ń san ju òdiwọ̀n náà lọ. Bí a bá yá ₦3,000,000 ní èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí a ó sì san án fún ọdún mẹ́ta, yóò jẹ́ nǹkan bí ₦127,000 lóṣooṣù. Nígbà tí a bá san tán, a ó ti san nǹkan bí ₦4,585,000. Ọkọ̀ náà yóò sì ti gbó ní ọdún mẹ́ta. Gbèsè kì í gbó. Ọjọ́ tí a dá fún un ni ó ń kà.

Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn jù, nítorí pé èlé rẹ̀ sábà máa ń kéré, a sì ti ń fi owó pamọ́ síbẹ̀ kí a tó yá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé onídùúró. Ará tí ó fọwọ́ sí ìwé fún yín ti fi owó oṣù tirẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dúró fún ọkọ̀ yín. Bí ẹ kò bá lè san, òun ni wọn yóò gé owó rẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ti owó ṣógúndógójì, a kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ: ẹ sá fún un. Ìwé Òwe ti sọ fún wa pé ẹni tí ó yáwó ti di ìránṣẹ́ ẹni tí ó yá a lówó, àwọn tí ó ti bọ́ sínú rẹ̀ kò sì bá a jiyàn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń gba ọ̀kadà, Márúwá tàbí ọkọ̀ èrò láti máa san díẹ̀díẹ̀ ní láti mọ òfin pẹ̀lú. Òfin tí ó dá lórí irú ìrajà bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1965. Ó sọ pé bí ẹni tí ń san án bá ti san ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà mọ́ láìjẹ́ pé ó gba ilé ẹjọ́. Bí owó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀, ó lè gbé e pamọ́ kí ó má ba bàjẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba ìwé àdéhùn, kí ẹ sì gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́.

TUNTUN NI, TÒKUNBỌ̀ NI, ÀBÍ ÈYÍ TÍ WỌ́N TI LÒ NÍLÉ?

Ọkọ̀ tuntun kì í tètè yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀ jù lọ. Tòkunbọ̀ sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n dọ́là ni ó ń darí iye rẹ̀: dọ́là tí ó wà ní nǹkan bí ₦470 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti lé ní ₦1,400 nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2024. Ọkọ̀ tí ará ilé ti lò ni ó dínwó jù, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí ó fi ń tà á.

Èyí tí ó wù kí ẹ yàn, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Ẹ lọ ní àárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnì tí ó ti gbóná máa ń fi àìsàn pamọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jó ọ́ìlì. Bí èéfín funfun bá ń tú jáde tí kò dáwọ́ dúró, omi lè ti máa wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ wo ara táyà: ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin pa pọ̀, tí méjì ìṣáájú jẹ́ ọ̀sẹ̀, tí méjì ìkẹyìn sì jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ó dán kò túmọ̀ sí táyà tuntun. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu, kí ẹ sì gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé tí ó gbé ọkọ̀ kúrò lórúkọ ẹni tí ó tà á. Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí rírà. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta ni ó tọ́ sí yín. Èyí tí ó kù ni yóò tún un ṣe ní oṣù àkọ́kọ́.

ÌGBÀGBỌ́ KÒ KỌ ÌṢIRÒ

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Pásítọ̀, ìgbàgbọ́ ni mo fi fẹ́ gbà á.” A kò lòdì sí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Lúùkù orí 14, tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò bóyá owó òun yóò tó o parí, tí àwọn tí ń kọjá sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Jíjókòó ṣírò jẹ́ ara ìgbọ́ràn.

Ohun tí ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín wa ni ojú ayé. Ará kan gbé ọkọ̀ wá fún ìdúpẹ́ ní Sunday, gbogbo ìjọ jó yí i ká, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá Ọlọ́run ti gbàgbé òun. Kò gbàgbé yín. Ìdílé tí ó san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta ní sáà kan náà láìjẹ gbèsè ní ẹ̀rí tí ó tó fi jó. Ilẹ̀ Èkìtì mọ èyí ju ibòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ baba tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ ni ó fi owó kòkó sọ ọmọ di dókítà àti olùkọ́ yunifásítì.

Ẹ FI OṢÙ MẸ́FÀ DÁN AN WÒ

Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín kò le. Kí tọkọtaya jókòó pọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa jẹ lóṣù sílẹ̀: epo, ọ́ìlì, táyà, mẹkáníìkì, ìwé, àti owó gbèsè bí ó bá wà. Kí wọ́n yọ owó tí wọ́n ń fi wọ ọkọ̀ èrò báyìí kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá kù, kí wọ́n máa fi pamọ́ lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà bí ẹni pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n sì rí i pé oṣù tí a ń san owó ilé ìwé wà nínú mẹ́fà náà.

Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí owó náà wà níbẹ̀, tí kò sí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé, tí ọjà ìyá kò gbẹ, tí ẹ kò sì yáwó fi ra oúnjẹ, agbára yín ká a. Owó tí ẹ ti kó jọ yóò sì fi kún ti ọkọ̀, tàbí kí ó wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí jíà bá já. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oṣù kejì ni ẹ ti yọ́ mú nínú rẹ̀, ọkọ̀ ti sọ òótọ́ fún yín kí ẹ tó rà á, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá dé, ẹ ránṣẹ́ pè wá. A ó bá yín dúpẹ́ tayọ̀tayọ̀, a ó sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú yín lọ sí Adó láìbẹ̀rù pé epo yóò tán ní Ìkẹ́rẹ́.